Ìbọn ni wọ́n fi ń lé ẹyẹ kiri ní Bempton nígbà kan, ìwòran ni wọ́n ń lọ ṣe níbẹ̀ báyìí

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé Bempton, ní agbègbè Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, yóò rí i pé ojú ọ̀run nìkan ló tó wọn. Àpáta tí wọ́n ń yé sí kò tó rárá. Òkè ẹfun ni, ó funfun, ó dúró ṣánṣán létí òkun bí ògiri ààfin, gíga rẹ̀ sì tó nǹkan bí 100 mítà. Àwọn ẹyẹ òkun tó ń wá bímọ síbẹ̀ lọ́dọọdún tó ìdajì mílíọ̀nù.

Kí oòrùn tó mú ni àwọn olùwòran ti ń gba ọ̀nà ẹsẹ̀ orí òkè náà lọ, awò tó ń fa ohun ọ̀nà jíjìn súnmọ́ ojú rọ̀ mọ́ wọn lọ́rùn. Kí wọ́n tó fojú kan ẹyẹ kankan, imú wọn ti gbọ́ òórùn ìgbẹ́ ẹyẹ, etí wọn sì ti gbọ́ ariwo tó dà bí ti ọjà Oyíngbò. Kittiwake ń ké orúkọ ara rẹ̀. Guillemot tò sórí bèbè àpáta tóóró, èjìká kan èjìká. Puffin, ẹyẹ kúkúrú tí àgógó rẹ̀ jẹ́ aláràbarà, ń yọjú láti inú pàlàpálá òkúta. Ṣùgbọ́n gannet ni ọ̀gá wọn. Bí ó bá na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 mítà. Bí ó bá sì rí ẹja, yóò pa ìyẹ́ mọ́ra, yóò já sínú òkun bí ọ̀kọ̀. Nígbà tí òtútù bá dé, púpọ̀ nínú wọn a máa fò wá sí etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí dé Senegal.

Nígbà kan, ikú ló ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ṣáájú ọdún 1869, àwọn ọlọ́dẹ afaraṣeré a máa wá sí Bridlington, wọn a háyà ọkọ̀ ojú omi, wọn a sì yìnbọn lu ẹyẹ tó ń sàba. Kì í ṣe ebi ló ń pa wọ́n, eré ni. Ìyẹ́ ẹyẹ bọ́ sórí fìlà àwọn obìnrin, ọmọ ẹyẹ yánu nínú ìtẹ́ títí ó fi kú. Ní ọdún 1869, Christopher Sykes, aṣòfin agbègbè náà, gbé àbá lọ sílé ìgbìmọ̀, ó sì di òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ẹyẹ òkun lásìkò tí wọ́n bá ń bímọ. Àwọn tó ń fi okùn sọ̀ kalẹ̀ lára òkè láti kó ẹyin ń bá iṣẹ́ wọn lọ ní tiwọn, nítorí owó oúnjẹ ló jẹ́ fún wọn. Òfin ọdún 1954 ló fòpin sí i.

Síbẹ̀, wàhálà kò tán. Ní ọdún 2022, àrùn bird flu, tí àwọn ọlọ́sìn adìyẹ Nàìjíríà ti mọ̀ dunjú láti ọdún 2006, pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún gannet ní Bìrìtéènì. Ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní sandeel, tí puffin àti kittiwake fi ń bọ́ ọmọ, sì ń dínkù, nítorí pé òkun ń gbóná, ọkọ̀ apẹja sì ń kó o. Ní ọdún 2024, ìjọba fòfin de pípa ẹja náà lápá òkun Àríwá tó jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Òfin gba ìbọn lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, ó sì gba àwọ̀n lọ́wọ́ apẹja. Ooru tó mú òkun ni kò gbọ́ ti ọlọ́pàá. Bí ìyá ẹyẹ bá wá sandeel títí tí kò rí i, bí ọmọ ṣe yánu nígbà ìbọn náà ni yóò ṣe yánu lónìí.