Ọkọ̀ Onígi Tí Ń Sáré Láìní Ẹ́ńjìnnì

Nínú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ọ̀kan tó gbajúmọ̀ gan-an láàrin òbí àti ọmọ ni gbígbẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré láti ara igi páìnì fún ìdíje tí wọ́n ń pè ní Pinewood Derby. Páìnì jẹ́ igi fífúyẹ́ tó pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, tí ayùn kì í sì í bá jà. Eré ìje ni ìdíje náà: orí pátákó gígùn tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀rẹ̀ tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ níparí ni ọkọ̀ ti ń sáré, kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí bátìrì, àfi òòfà ilẹ̀ nìkan, ìyẹn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa gbogbo ohun tó wà lókè wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Don Murphy, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ North American Aviation níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ni ó dá eré yìí sílẹ̀ ní ìlú Manhattan Beach, ní ìpínlẹ̀ California. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ kópa nínú Soap Box Derby, ìdíje mìíràn tí ọmọdé máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kàn, tí yóò sì fi sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó èyí tí òfin ìdíje náà là sílẹ̀. Èyí ló mú kí Murphy ronú kan ọkọ̀ tí ọmọdé lè gbé lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1953, àwọn ọmọ Cub Scouts, ẹ̀ka tó wà fún àwọn ọmọ kéékèèké nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Boy Scouts nígbà náà, sá ìje àkọ́kọ́. Nígbà tí Boys' Life, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà, tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1954, eré náà ti kúrò ní ti ìlú kan ṣoṣo.

Ohun èlò tí wọ́n ń kó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan kò pọ̀: ègé igi tó gùn ní íǹṣì 7, táyà oníke mẹ́rin, àti ìṣó mẹ́rin tí àwọn táyà náà yóò máa yí lé lórí. Òfin sọ pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wúwo ju áúnsì 5 lọ, èyí tó tó nǹkan bíi gíráàmù 142. Òfin yìí lágbára ju bí ó ṣe rí lójú lọ, nítorí pé òòfà kan náà ni ó ń fa ọkọ̀ ọmọ olówó àti ti ọmọ mẹ̀kúnnù, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n sì lè gbé dé orí pátákó. Ohun tó kù tí ẹnì kan lè fi ju ẹnì kejì lọ ni ìfarabalẹ̀ tó fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Agbẹ́kọ̀ yóò kọ́kọ́ ya bí ọkọ̀ yóò ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè sórí ìwé, yóò lẹ ìwé náà mọ́ igi, yóò sì fi ayùn eléyín wẹ́wẹ́ gé e ní ẹ̀bá ilà, kì í ṣe lórí ilà gan-an, kí ohun tí sáńpépà yóò jẹ lè ṣẹ́ kù. Bí wọ́n bá gbẹ́ igi náà tín-ín-rín, ọkọ̀ yóò fúyẹ́ ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lu ihò sí i lára tí wọ́n sì ń ki irin wúwo bọ̀ ọ́. Òjé ni wọ́n ń lò púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni òjé jẹ́, pàápàá fún ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ kì í jìnnà sí ẹnu. Tungsten ni ọ̀pọ̀ ń rà báyìí, ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí òjé gíráàmù 100 bá gbà, tungsten tó tó gíráàmù 170 yóò gbà á. Ẹ̀yìn ọkọ̀, díẹ̀ ṣáájú táyà ẹ̀yìn, ni wọ́n máa ń ki irin náà sí. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí imú rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ga jù, ohun wúwo tó bá sì wà níbẹ̀ ní ọ̀nà tó gùn jù láti já wálẹ̀, tí yóò fi fún ọkọ̀ ní eré púpọ̀ sí i kó tó dé ibi tó tẹ́. Àṣejù rẹ̀ kò dára, nítorí bí imú bá fúyẹ́ jù, ọkọ̀ yóò máa jó lójú ọ̀nà, ó sì lè já bọ́.

Ohun tó ń jí eré ọkọ̀ gbé ni bí táyà àti ìṣó ṣe ń ha ara wọn. Ìṣó tó ti ilé-iṣẹ́ jáde máa ń ní ègé irin wẹ́wẹ́ lábẹ́ orí rẹ̀ àti ilà kéékèèké lára rẹ̀. Fáìlì ni wọ́n fi ń mú wọn kúrò, lẹ́yìn náà wọ́n á ki ìṣó bọ ẹnu dírìlì kí ó máa yí bí wọ́n ti ń fi sáńpépà tó kúnná nù ún títí yóò fi máa dán bíi dígí. Graphite, lẹ́búlẹ́bú dúdú irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsù, ni wọ́n ń bù sí i dípò òróró, èyí tí ọ̀pọ̀ ìdíje kò gbà. Níbi tí òfin bá fàyè sílẹ̀, àwọn ògbólógbòó máa ń gbé táyà iwájú kan sókè díẹ̀, kí táyà mẹ́ta péré máa kan ilẹ̀.

Àmọ́ níbi àṣeparí, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní fíníṣìn, ni sùúrù ènìyàn ti ń hàn. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn sáńpépà ni ó ń sọ bí ó ṣe rí: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe le tó. Wọ́n á fi 80 tàbí 100 pa ipa ayùn rẹ́, wọ́n á bọ́ sí 150, kí wọ́n tó wá lo 220, ẹni tó bá sì fo ọ̀kan nínú wọn yóò kàn fi kún iṣẹ́ ara rẹ̀ ni. Bí okùn igi ṣe lọ ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ lọ, nítorí pé ọ̀dà kì í bo àpá tí ọwọ́ ìdábùú bá fà. Ṣe ni ó máa ń tú u síta. Wọ́n á fi aṣọ tó rin díẹ̀ nu igi náà kí àwọn okùn wẹ́wẹ́ lè dìde, bí ó bá gbẹ, wọ́n á fi sáńpépà pa á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ojú ibi tí ayùn ti gé okùn igi já máa ń mu ọ̀dà ju ẹ̀gbẹ́ lọ, nítorí náà ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni wọ́n fi ń dí i, tí wọ́n á sì fi sáńpépà 320 rọra pa á, kí wọ́n tó kun ọ̀dà tí ojú yóò rí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ti ìṣáájú gbẹ kí òmíràn tó lé e. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi téèpù bo ojú ibi tí ìṣó yóò wọ̀, kí ọ̀dà má baà dí i. Gbogbo wàhálà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ọkọ̀ yára sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdíje ní ẹ̀bùn ọ̀tọ̀ fún ọkọ̀ tó bá rẹwà jù.

Àléébù tó ń bá eré yìí fínra ni pé àwọn bàbá máa ń gba iṣẹ́ mọ́ ọmọ lọ́wọ́, débi pé fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan, Down and Derby, tó jáde ní ọdún 2005, dá lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti ya ìje sọ́tọ̀ fún àgbàlagbà, ọgbọ́n tó sì dára ni, nítorí ọkọ̀ wíwọ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ gbẹ́ níyì ju èyí tó gún régé tí bàbá gbẹ́ fún un.

Páìnì kò wọ́pọ̀ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, àmọ́ arère, igi ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí àwọn oníṣòwò pákó lókè òkun mọ̀ sí obeche, fúyẹ́, ó sì rọrùn láti gé, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú kékeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ń lò ó. Kí òbí tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ tọrọ àjákù pákó arère níbi tí wọ́n ti ń la igi, kí àgbà di ayùn mú, kí ọmọ di sáńpépà mú, kí àwọn méjèèjì sì fi aṣọ bo imú nítorí lẹ́búlẹ́bú igi.