Ìdí tí afẹ́fẹ́ gbígbóná fi ń gba òkè lọ, tí èyí tó tutù ń wá ilẹ̀

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún, oorun kì í tètè kun ọ̀pọ̀ ará Abẹ́òkúta nínú yàrá wọn lálẹ́. Ẹni tó bá gun Òkè Olúmọ tó sì wo ìsàlẹ̀ yóò rí ara ohun tó fà á. Páànù ló bo ìlú náà lọ rẹrẹ, láti Ìtòkú dé Ìjẹmọ̀, dé Aké, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ti dípẹtà. Páànù kì í pẹ́ gbóná bí oòrùn bá ti yọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ tutù bí oòrùn bá wọ̀. Ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù àti àwọn àpáta tó yí ìlú ká kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru tí wọ́n ti gbà sára láti àárọ̀, òru ni wọ́n ń dá a padà fún àwọn tó wà nítòsí wọn.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé èéfín ààrò kì í wọ ilẹ̀, òkè ló ń lọ. Kí ló dé? Afẹ́fẹ́ ní ìwúwo, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Bí a bá kan àpótí kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, afẹ́fẹ́ tó máa wà nínú rẹ̀ yóò wọ̀n ju kílò kan lọ. Bí ó bá wá gbóná tó omi tó ń hó, ara afẹ́fẹ́ náà yóò tú, yóò fẹ̀, apá kan rẹ̀ yóò sì sá jáde. Èyí tó ṣẹ́kù nínú àpótí náà kò ní tó kílò kan mọ́. Kì í wá ṣe pé ooru ní ìyẹ́ tó fi ń fò. Afẹ́fẹ́ tútù tó wúwo ló ń wọ abẹ́ èyí tó fúyẹ́, tó ń tì í sókè, gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń gbé epo pupa léfòó.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1783, àwọn ọkùnrin méjì kan ní ilẹ̀ Faransé, Pilâtre de Rozier àti Marquis d'Arlandes, fi ọgbọ́n yìí fò kọjá lókè ìlú Paris nínú bàlúùnù ńlá tí wọ́n fi aṣọ àti bébà ṣe, tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ṣe bàlúùnù náà, àwọn Montgolfier, rò pé agbára àrà ọ̀tọ̀ kan wà nínú èéfín. Kò sí agbára kankan níbẹ̀ ju pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná ju ti ìta lọ.

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá ti ń lo nǹkan yìí tipẹ́ láìkọ ìwé lé e lórí. Òkè ààrò ni wọ́n ń so àgbàdo kọ́, orí àjà ni wọ́n ń kó nǹkan oko sí. Ooru ń gòkè lọ gbẹ ẹ́, èéfín ń lé kòkòrò, ó sì ń gba inú koríko òrùlé jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí páànù àti sílíìn gba ipò koríko, ọ̀nà àbájáde dí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná dé òkè, kò rí ibi gbà, ó wá dúró síbẹ̀ bí àlejò tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún. Nítorí náà, fèrèsé nìkan kò tó. Ilé nílò ihò lókè ògiri lábẹ́ òrùlé kí èyí tó gbóná lè jáde, àti ojú ihò mìíràn nísàlẹ̀ kí èyí tó tutù lè wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìlera ni ibi tí àwọn ìyá wa ti ń yan gààrí, èyí tó pọ̀ lágbègbè Ọ̀dẹ̀dá àti Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ẹni tó jókòó ti agbada láti òwúrọ̀ ń fa èéfín símú títí di àṣálẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé èéfín inú ilé pa ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta káàkiri ayé ní ọdún 2020. Bí wọ́n bá mọ ògiri yí ààrò ká, tí wọ́n fi ẹnu iná sí ẹ̀yìn ògiri, tí wọ́n sì gbé ọ̀pá èéfín tó ga kọjá òrùlé sí i, ooru fúnra rẹ̀ ni yóò máa fa èéfín lọ sókè. Bí ọ̀pá náà bá ṣe ga sí ni yóò ṣe fà tó.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí ooru bá ń lọ sókè, èéṣe tí Jos, tó wà lórí òkè, fi tutù ju Abẹ́òkúta lọ? Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gòkè ni ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń dín kù, ó ń fẹ̀ sí i, fífẹ̀ náà sì ń gba ooru lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí yìnyín fi lè bọ́ ní ọ̀sán tó gbóná janjan nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó gbéra nílẹ̀ ti gòkè débi tí omi inú rẹ̀ ti di.

Nígbà ọyẹ́, ìdàkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Lóru, afẹ́fẹ́ tútù a máa ṣàn wá sí ibi tó gún ilẹ̀ bí omi ṣe ń ṣàn, ìyẹn ni kùrukùru fi ń pọ̀ létí odò Ògùn ní ìdájí ju orí òkè lọ.

Òtútù yìí ló ń mú kí àwọn kan gbé èédú tó ń jó wọ yàrá, kí wọ́n sì ti fèrèsé pa. Èédú ní gáàsì kan tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti afẹ́fẹ́, ó ń dàpọ̀ mọ́ ọn ni, kì í kó jọ sókè kí ẹni tó sùn sílẹ̀ lè bọ́. Jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé ń tú gáàsì kan náà jáde. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, ẹni tó bá sì ti sùn lè má jí. Ìta gbangba ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹni tó bá mú lọ, kí wọ́n tó máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn.