Sísọ Ìnira Ẹni fún Yunifásítì

Ọmọ Bassila tàbí Manigri tó yege BAC, ìdánwò àṣejáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó fẹ́ wọ yunifásítì ìjọba ní Benin, máàkì rẹ̀ ló ń ṣe agbẹnusọ fún un. Òun ni wọ́n fi ń pín ọmọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní Abomey-Calavi, tó ti wà láti 1970, tàbí ní Parakou, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ibi tí ẹni tó ń ṣa kajú lóko bàbá rẹ̀, tàbí tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí kó lè sún mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti máa ròyìn ara rẹ̀.

Ilẹ̀ òkèèrè ló ti yàtọ̀. Common Application, fọ́ọ̀mù tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà jọ ń lò, ń béèrè àròkọ tí kò gbọdọ̀ ju 650 ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí ọmọ lè mú dá lórí ìṣòro tó bá a àti ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2023, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí àwọn yunifásítì yéé fi àwọ̀ ara yan akẹ́kọ̀ọ́. Síbẹ̀, adájọ́ àgbà John Roberts kọ ọ́ pé ọmọ lè sọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe kan ìgbésí ayé rẹ̀, bó bá ti so ó mọ́ ìgboyà tàbí ẹ̀bùn tó ní.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, UCAS, ètò tí wọ́n fi ń wá àyè sí yunifásítì, fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé tí olùkọ́ ń kọ nípa ọmọ, kí olùkọ́ náà lè sọ ohun tó dí ọmọ lọ́wọ́. Èyí dára púpọ̀, nítorí ó nira fún ọmọ tí wọ́n kọ́ láti bo àṣírí ilé kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ebi pa àwọn.

Ẹni tó bá máa kọ ìnira rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ẹkún. Bí bàbá bá kú lọ́dún BAC, tí ọmọ gba oko iṣu rẹ̀, tí máàkì sì já wálẹ̀, gbólóhùn méjì tó fún ikú náà. Kí ìyókù jẹ́ ti oko tó ń ro, ìwé tó ń kà lálẹ́, àti bí máàkì ṣe tún gòkè. Irọ́ ló léwu jù: bí àṣírí bá tú, yunifásítì lè gba àyè tó fún ọmọ padà, kódà lẹ́yìn tó ti wọlé. Àìsàn ìyá tàbí gbèsè ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Ó yẹ kó gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kó tó kọ ọ́. Kò sì sí ẹni tó di dandan fún láti sọ ìnira kankan.

Ọmọ tó ń sọ Anii tàbí Nàgó nílé, tó fi Faransé kàwé, yóò tún fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àròkọ yìí. Kí àwọn olùkọ́ Bassila àti Manigri jọ̀ọ́ bá a ka àròkọ náà kó tó fi ránṣẹ́.