Ọdún Dé, Aláìsàn Wà Nílé: Ìmọ̀ràn fún Ará Ìsàlẹ̀ Èkó

Àìsàn kì í gba ìsinmi ọdún. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, èrò á kún ọjà Balógun àti Ìdúmọ̀tà, ọkọ̀ ò ní rí ọ̀nà kọjá, ayẹyẹ Fántí á sì gba títì Pópó Àgùdà àti Làfíàjí. Ẹni tó ní àìsàn líle gbọ́dọ̀ ti múra sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà.

KÍ ỌDÚN TÓ DÉ
• Ẹ ra oògùn tí aláìsàn yóò lò di àárín oṣù Ṣẹ́rẹ́.
• Bí ọjọ́ fífọ ẹ̀jẹ̀ oníkíndìnrín bá bọ́ sí ọjọ́ ọdún, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè ọjọ́ mìíràn tí wọn yóò fún yín. Ẹ má fò ó.
• Ẹ kọ orúkọ àìsàn àti oògùn rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ fi káàdì ìbánigbófò Ìlera Èkó tì í.

LÁSÌKÒ ỌDÚN
• Ẹlẹ́jẹ̀ ríru: ẹ bu ọbẹ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi iyọ̀ àti Maggi sí i.
• Alátọ̀gbẹ: ìrẹsì níwọ̀nba, kó yẹra fún máltì àti mínírà.
• Oníkíndìnrín: omi, máltì àti omi ọbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwọ̀n tí dókítà fún un.
• Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde: ọyẹ́ lè dá ìrora sílẹ̀. Kó wọ aṣọ tó nípọn, kó máa mu omi dáadáa.
• Ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ: kí àlejò tó ń wúkọ́ má wọ yàrá rẹ̀.

Ẹ má fi dandan fa aláìsàn jáde wá jó, ẹ má sì pa á tì sí yàrá. Ẹ bi í: “Ṣé ẹ fẹ́ jókòó tì wá, àbí ẹ fẹ́ sinmi?” Bí ẹbí bá ń gbààwẹ̀ tàbí tí wọ́n ń ṣe ìṣọ́ òru, kí aláìsàn má dá oògùn rẹ̀ dúró. Àdúrà ò dí oògùn lọ́wọ́.

ÌGBÀ TÍ Ẹ Ò GBỌDỌ̀ DÚRÓ DI ÀÁRỌ̀
Bí àyà bá ń dun aláìsàn, tàbí tí kò lè mí dáadáa, tàbí tí ẹnu rẹ̀ wọ́ tàbí tí apá kan rọ. Bí ara ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ bá gbóná dé 38°C. Bí oògùn ò bá ká ìrora eegun ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde mọ́. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà. Kí ẹnì kan lọ dúró lójú títì láti mú ọkọ̀ pàjáwìrì wọlé. Bí ọkọ̀ ò bá lè wọ àdúgbò, ẹ rọra gbé aláìsàn jáde sí títì. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà tó wà ní Ọdàn kò jìnnà sí yín.

Ẹ lẹ ìwé yìí mọ́ ara ògiri, kí ẹ sì kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé kà.