Títú Kábúrétọ̀ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Fọ̀ Nílé

Ẹ̀yin apẹja wa ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní gbogbo etí ọ̀sà, bí ẹ bá fa okùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín, tó gbà, tó sì tún kú bí ẹ bá ti dín iná rẹ̀ kù, tàbí tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá fa ṣóòkì nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ẹ má tíì bú ẹni tó tà á fún yín. Ẹ kọ́kọ́ wo kábúrétọ̀ rẹ̀.

Kábúrétọ̀ ló ń po bẹtiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́. Inú abọ́ kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ ni epo ń dúró sí, kó tó gba ihò tín-ín-rín inú jẹ́ẹ̀tì kọjá. Bí ọkọ̀ bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìṣiṣẹ́, epo inú abọ́ náà á gbẹ, á sì fi ohun tó dà bí oje igi sílẹ̀, èyí tí ń dí ihò. Omi àti ìdọ̀tí inú kẹ́ẹ̀gì náà ń ṣe é. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọ ọjà. Mẹ́tánọ́ọ̀lù a máa fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ irin kábúrétọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò nìyí. Nínú ẹ́ńjìnnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, epo yìí ló ń gbé ọ́ìlì wọlé. Bí epo kò bá tó, ọ́ìlì kò tó nìyẹn. Bí ẹ bá wá fún un níná pẹ̀lú ẹrù, písítìnnì á gbóná, á sì gan mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó ń fi ṣóòkì wa ọkọ̀ bọ̀ láti Èjìnrìn ń fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni.

Ẹ wá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tó jìnnà sí ààrò tí wọ́n ti ń yan ẹja. Èéfín bẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń gbà lọ bá iná. Ẹ yọ wáyà orí púlọ́ọ̀gì àti rọ́bà epo. Ẹ wo bí àwọn irin tó so mọ́ kábúrétọ̀ ṣe wà dáadáa kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹ tú abọ́ ìsàlẹ̀, kí ẹ da epo inú rẹ̀ sínú agolo: bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò dúró sí. Ẹ fa pín-ìnnì tó di ohun tó ń léfòó mú. Abẹ́rẹ́ kékeré tó ń pa ọ̀nà epo dé á bá a jáde. Ẹ má jẹ́ kó sọnù.

Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, ó rọ̀, nítorí náà sukudiráfà tó bá ojú rẹ̀ mu gẹ́lẹ́ ni kí ẹ lò. Sukúrù tó ní sípíríǹgì, tó wọ inú ara kábúrétọ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ yí i wọlé wẹ́rẹ́ títí yóò fi kanlẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tó yí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ yí i kanlẹ̀, kí ẹ wá yí i jáde ní iye yẹn.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti epo tó mọ́ fọ ohun gbogbo. Ẹ bo ojú yín, kí ẹ fi páǹpù kẹ̀kẹ́ tàbí ẹ̀rọ àwọn fọkanáísà fẹ́ àwọn ihò náà. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ má sì fi wáyà, abẹ́rẹ́ tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ gún jẹ́ẹ̀tì, bí a ṣe ń rí i káàkiri. Ihò yẹn ní ìwọ̀n. Bó bá fẹ̀ sí i, epo á máa ṣòfò, ẹ sì mọ iye tí à ń ra epo láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ti kúrò ní 2023. Bí ẹ bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, tí ẹ kò rí òdìkejì, tó sì kọ̀ tí kò là, ẹ ra òmíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó bá ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ra mélòó kan pa mọ́ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Inú dúrọ́ọ̀mù omi ni kí ẹ ti dán an wò, láìfi sí jíà. Bí omi kò bá tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ẹ pa á kíá. Bí ọkọ̀ yóò bá sì sinmi fún ìgbà pípẹ́, ẹ yọ rọ́bà epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú omi, kó lo epo inú abọ́ tán, kó sì kú fúnra rẹ̀.

Bí epo bá ń kún jáde lára kábúrétọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti dá a padà, abẹ́rẹ́ yẹn ni kò pa ọ̀nà dé. Ẹ má gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ pe mẹkáníìkì.