Dunaway gbapò kìíní nínú eré mọ́tò, ni wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀: Mọ́tò ọlọ́tí ló wà!

Ẹni tó bá mọ títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ dáadáa, tó ti wọ Pijó 504 kọjá Fìdítì àti Ìlọrà kó tó dé Awẹ́, kò ní í ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ sípíríǹgì. Àwọn dírẹ́bà wa máa ń ní kí mẹkáníìkì fi irin kún un lẹ́yìn, kí mọ́tò má baà jókòó sílẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀. Irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ náà ló dá wàhálà sílẹ̀ nínú eré mọ́tò kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1949, tí wọn ò sì yéé sọ ọ́ títí dòní.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kẹfà ni, nílùú Charlotte, ní North Carolina. NASCAR, ẹgbẹ́ tí Bill France kó èèyàn jọ dá sílẹ̀ lọ́dún 1948, ló pe eré náà. Òfin wọn ò gùn rárá: bí wọ́n ṣe ta mọ́tò fún yín ni kẹ́ ẹ ṣe gbé e wá, ẹ ò gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Irú mọ́tò táráàlú ń gbé lọ sọ́jà àti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ kó sáré. Mọ́tò 33 ló jáde. Ilẹ̀ erùpẹ̀ ni, kò sí ọ̀dà níbẹ̀, ìgbà 200 ni wọ́n sì máa yí i po, ìyẹn 150 máìlì. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní, 2,000 dọ́là ni tiẹ̀.

Glenn Dunaway ò ní mọ́tò tó máa wà nígbà tó débẹ̀. Hubert Westmoreland ló ní kó bá òun wa Ford òun. Dunaway wọlé, ó sì na gbogbo wọn pátá. Ìyípo mẹ́ta gbáko ló fi ṣáájú ẹni tó tẹ̀lé e!

Ni wọ́n bá yẹ abẹ́ mọ́tò wò. Àṣé iṣẹ́ ọtí ni Ford yẹn ń ṣe! Nígbà náà, àwọn kan ń se ọtí ní bòókẹ́lẹ́ lórí òkè àti nínú igbó lápá gúúsù Amẹ́ríkà, báwọn tiwa náà ṣe ń se ògógóró nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é. Bí ọtí bá kún ẹ̀yìn mọ́tò, ẹ̀yìn ẹ̀ á wọlẹ̀, ọlọ́pàá á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin ki sípíríǹgì ẹ̀yìn, kí mọ́tò lè dúró bí ẹni tí ò gbé nǹkan kan. Bí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá wá dórí pápá láìgbé ọtí, kì í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní kọ́nà.

Wọ́n yọ orúkọ Dunaway kúrò. Jim Roper tó wa Lincoln ni wọ́n fún nípò kìíní. Inú eré aláwòrán inú ìwé ìròyìn lòun ti rí i pé eré máa wà, ló bá wa mọ́tò náà láti Kansas wá, ọ̀nà tó jìn ju Èkó sí Kánò lọ!

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà. Sara Christian, obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú wọn, ṣe ipò kẹrìnlá. Lee Petty ní tiẹ̀ yá Buick oníbùúkì wá, ó sì dojú ẹ̀ dé. Ọmọ ẹ̀, Richard, tí ò tíì pé ọdún 12 nígbà yẹn, ló padà wá gbapò kìíní nígbà 200 nínú eré NASCAR.

Westmoreland gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù, ó ní kí wọ́n san 10,000 dọ́là fóun. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, ó ní ẹgbẹ́ tó ṣòfin lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó.

Òfin ni òfin lóòótọ́, àmọ́ ta ló jìyà? Dunaway kọ́ ló ki irin sí sípíríǹgì, òun kọ́ ló ni mọ́tò, òun ni owó sì bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ ẹ̀ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan nínú wọn dáwó fún un. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń rí lórí títì tiwa náà? Bí wọ́n bá dá mọ́tò dúró, dírẹ́bà ni wọ́n ń wọ́ sílẹ̀, ọlọ́kọ̀ wà nílé tó ń retí délífà.

Ẹ̀yin dírẹ́bà, kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀.