Ẹja Òṣùmàrè Nínú Ilé, àti Omi Tí Ń Pa Á

Ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù New Guinea, ní apá tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Indonéṣíà, ni àwọn adágún Ayamaru wà. Níbẹ̀ ni ẹja òṣùmàrè kan ti wá, èyí tí àwọn amòye méjì, Gerald Allen àti Norbert Cross, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1980, tí wọ́n sì fi orúkọ Marinus Boeseman, ará ilẹ̀ Holland, pè é. Iwájú akọ rẹ̀ dàbí aṣọ tí a rẹ sínú aró, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dàbí ọsàn tí ó pọ́n. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àwọ̀ abo kò tàn tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí ẹwà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń sìn ín nínú àpótí dígí. Ṣùgbọ́n ẹja àwọn mìíràn kì í pé oṣù kan kí ó tó kú. Wọn a ra àpótí ní òwúrọ̀, wọn a pọn omi kún un ní ọ̀sán, wọn a sì da ẹja sí i ní ìrọ̀lẹ́. Omi náà mọ́ gaara. Síbẹ̀ ẹja ń kú. Kí ni ó fà á?

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù a máa di májèlé tí a ń pè ní amóníà. Ojú kò lè rí i nínú omi. Odò tí ń ṣàn a máa gbé e lọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà àbáyọ nínú àpótí. Àgbẹ̀ mọ̀ pé ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó àgbàdo, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jẹrà tán, a di oúnjẹ fún un. Àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú kò lè rí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Irú wọn ni ó ń sọ amóníà inú omi di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé, lẹ́yìn náà di nitrate, èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọn tó pọ̀ tó.

Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ pèsè omi kí a tó ra ẹja. Àpótí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tí ó gba omi bí 200 lítà, yẹ fún ẹja mẹ́jọ. Ẹja yìí kì í fẹ́ dá gbé. Kí ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Kí a máa fi oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi lójoojúmọ́ kí ó jẹrà níbẹ̀, kí a sì máa fi oògùn ìdánwò yẹ omi náà wò. Nígbà tí a kò bá rí amóníà àti nitrite mọ́, kí a pààrọ̀ púpọ̀ nínú omi náà, kí a sì kó ẹja wọlé díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí a máa pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí omi ẹ̀rọ bá ní chlorine, kí a kọ́kọ́ lo oògùn tí ń pa agbára rẹ̀. Omi tí a gbọ́n kúrò dára fún ẹ̀fọ́. Kànìnkànìn inú ẹ̀rọ, omi àpótí náà ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí àwọn ohun alààyè inú rẹ̀ má bàa kú. Kí a fi ìdérí bo àpótí, nítorí ẹja yìí a máa fò jáde.

Kí ẹni tí ó ní ọgbẹ́ lọ́wọ́ má ṣe ki ọwọ́ bọ inú omi náà, kí a má sì ṣe da ẹja àjèjì sínú odò.

Ọmọ ẹja yìí dàbí fàdákà lásán. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó ń kọjá kí àwọ̀ rẹ̀ tó yọ. Sùúrù ni baba ìwà. Ẹni tí ó bá dúró de omi ni yóò rí òṣùmàrè.